Bọ́tìnnì Ìsàlẹ̀

Mẹ́sàn-án ni wọ́n, nínú agolo bisikíìtì
tí mo fi òwú tẹ́ nídìí.
Adétòún ní ọwọ́ méjì péré l'Ọlọ́run dá mọ́ mi,
ta ni mo ń ra ìyókù fún?
Mo ní fìlà mẹ́rìndínlógún tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ ńkọ́,
orí mélòó ni bàbá ní?
Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí gàrí tó ń jọ̀.

Ilẹ̀ Súwísì ni wọ́n ti rọ gbogbo wọn.
Mi ò débẹ̀ rí. Ìbàdàn ni mo jìnnà dé.
Ẹ wo èyí, dúdú bí imú ajá,
nọ́ńbà eré sísá yí i lọ́rùn ká
fún àwọn tó ń wa mọ́tò níbi tí kò sí kòtò.
Ọ̀kadà ni mo fi ń wọ̀n, láti Mọ̀ọ́bàlùfọ̀n dé Ìmọ̀wò.
Èyí aláwọ̀ aró, wọ́n ní kò bẹ̀rù igba mítà nísàlẹ̀ omi.
Èmi tí mo ni í, orúnkún ni mo mọ nínú odò Yemọjí.
Ojú kéékèèké mẹ́ta nínú ojú ńlá kan:
bí obìnrin mẹ́ta tó jókòó ti owó àjọ kan ṣoṣo,
tí kálukú ń kà á lọ́tọ̀,
torí ẹnìkan ò gba ẹnìkejì gbọ́.

Wọ́n ní Ìjẹ̀bú kì í náwó sóhun tí kò ní mú èrè wá.
Owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́rin ni mo kà sílẹ̀ l'Òkè-Àjẹ́
fún èyí tó ní bẹ́líìtì awọ oníhò.
Ọmọkùnrin tó tà á rò pé òun rẹ́ mi jẹ.
Èmi náà rò pé mo rẹ́ ẹ jẹ.
Tayọ̀tayọ̀ ni àwa méjèèjì relé.

Ìkẹsàn-án nìkan ni mi ò rà.
Ti Ọ̀gá Odùgbèsan ni, olùkọ́ eré ìdárayá wa.
Mo wà ní fọ́ọ̀mù mẹ́ta nígbà tó kọ́kọ́ fi sí mi lọ́wọ́:
«Fèrè dún, tẹ òkè. Àyà kan okùn, tẹ òkè.
Má fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ títí n óo fi kọ ọ́ sínú ìwé.»
Fèrè dún.
Ṣóbándé fò jáde láìwọ bàtà,
yẹ̀ẹ̀pẹ̀ pupa ń gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ bí elùbọ́.
Okùn já.
Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, àti ìdá méjì nínú márùn-ún.
Ni òjò bá dé, ló bá tú gbogbo wa ká,
ìwé rin gbindin, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan.

Ọ̀gá fi aago náà sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ,
abẹ́rẹ́ pupa ṣì dúró síbi tí mo dá a dúró sí.
Lásùn Odùbẹ̀lá, oníṣẹ́ aago ní gáréèjì Ìbàdàn,
ní òróró inú rẹ̀ ti gan,
kóun tó tú u, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ padà sí òdo.
Mo gba aago mi, mo ní ó dàárọ̀.
Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni.

Jímọ̀ tó kọjá, Ṣóbándé wá láti Àgọ́-Ìwòyè,
ikùn níwájú, ọ̀pá lọ́wọ́.
Láti géètì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì.
Mi ò sọ fún un.
Ó gbé aago súnmọ́ ojú, ó jìnnà sí i, ó tún súnmọ́ ọn.
«Ìwé dà?»
Ìwé gbèsè gàrí Adétòún la rí.
Mo kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ti Ìyá Káṣìmáawò, mo kọ iye náà.
Ó ní mẹ́wàá gééré ni. Ọdọọdún ló ń wí bẹ́ẹ̀.
Mo ní a ti kọ ọ́.
Ló bá fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀,
abẹ́rẹ́ pupa sì fò padà sókè lẹ́ẹ̀kan,
bí ọmọ tó ti sùn sílé ìwé
tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pè.

Ṣóbándé ní eélòó ni kóńgò gàrí.